Nígbà tí A Lọ Tọrọ Ọkọ̀ Ogun Lọ́wọ́ Ọ̀rẹ́: Láti Èkó 1851 dé Bonny 1967

  

Nígbà tí akọ̀wé wa gbé àkọlé ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi nílé, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ mọ bí òkun ṣe jìnnà sí Sábóńgàrí tó?" Wọ́n ní, "Bàbá, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí a fi fẹ́ kí ẹ sọ ọ́. Àwọn ọmọ tí a bí síbí rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kò kàn wá." Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a bí sí Kánò, ọkọ̀ ojú irin, tírélà àti bààlúù la mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà tí bàbá mi ń rà, tí wọ́n fi owó rẹ̀ rán wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e lọ. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà wá síbí, Kánò ni wọ́n sì ti rà tí wọ́n sì ti tà, síbẹ̀ bí ọkọ̀ kò bá dé Apapa, owó kò ní wọlé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbà pé òkun kàn wá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ lónìí ni èyí: bí ogun bá dé, tí ìlú kan kò sì ní ọkọ̀ ogun tó tó, ó máa ń lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ọkọ̀." Nígbà mìíràn ọ̀rẹ́ á gbà, nígbà mìíràn á kọ̀. Bó bá gbà, kí ló ń gbà padà? Ìgbà wo ló sì ń gbà á?

Ilé wa ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

ỌBA TÓ PÈ ỌKỌ̀ WÁ SÍ ÌLÚ ARA RẸ̀

Ní ọdún 1841, Akítóyè jẹ Ọba Èkó. Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà ní ìgbèkùn nígbà náà. Akítóyè fúnra rẹ̀ ló ní kí ó máa padà bọ̀ wá sílé. Elétù Òdìbò kò fara mọ́ ọn, ó sì kúrò nílùú lọ sí Àgbádárìgì nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin àgbà tó jókòó síbí mọ̀ pé nígbà mìíràn, ẹni tó ní "má ṣe bẹ́ẹ̀" kì í ṣe òǹrorò, ó kàn ti rí i tẹ́lẹ̀ ni. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ gbógun dìde sí Akítóyè. Ogun Olómirò ni àwọn ará Èkó ń pè é. Kòsọ́kọ́ borí, Akítóyè sá gba orí ọ̀sà lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó fìdí kalẹ̀ sí Àgbádárìgì.

Ọba tí wọ́n lé kúrò nílùú kò ní ọmọ ogun tó lè borí ẹni tó lé e, pàápàá ní Èkó tí omi yí ká. Àwọn Ẹ̀gbá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni agbára tiwọn wà. Àwọn tí agbára wọn wà lórí omi ni Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1849 ni wọ́n ti yan John Beecroft ṣe kọ́ńsù wọn ní etíkun wa, Fernando Po ló fi ṣe ibùjókòó. Akítóyè kọ ìwé sí i. Ìwé náà wà nínú àkọsílẹ̀ títí dòní. Ó bẹ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n gba Èkó sábẹ́ ààbò wọn, kí wọ́n ta àsíá wọn síbẹ̀, kí wọ́n sì dá òun padà sórí ìtẹ́. Òun náà á bá wọn ṣe àdéhùn láti fi òpin sí òwò ẹrú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ àsíá yẹn. A ó padà síbẹ̀.

Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lóhùn? Èkó ni ojúkò òwò ẹrú ní etíkun wa nígbà náà, wọ́n sì ti pinnu láti pa òwò náà. Òtítọ́ nìyẹn. Òtítọ́ kejì ni pé òwò epo pupa ń gbèrú, Èkó sì ni ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀kẹta, àwọn míṣọ́nnárì CMS wà ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń bẹ̀rù kí Dahomey má pa ìlú náà run. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, ọmọ ogun Ọba Ghezo ti Dahomey dé ẹnu odi Abẹ́òkúta lóòótọ́, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ní ọdún yẹn kan náà, Àjàyí Crowther wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí Palmerston tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó sì rí Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Èkó àti Abẹ́òkúta fún wọn. Ẹ wo ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ta ni yóò mọ iyì ọkọ̀ ogun tó o?

Èmi kò sí lára àwọn tó ń bú Akítóyè. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í bi ẹni tó gbé omi wá pé oríṣi omi wo nìyí. Ṣùgbọ́n mi ò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ni olùgbàlà àwọn ẹrú. Èkó tó fi sílẹ̀ ní 1845, Èkó olówò ẹrú náà ni. Ìlérí tó ṣe jẹ́ owó tó ní lọ́wọ́ láti fi ra ọkọ̀, ó sì ná an.

Ọkọ̀ dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851 wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú, Kòsọ́kọ́ lé wọn padà. Wọn kò retí rẹ̀. Kòsọ́kọ́ ti to ìbọn àgbá sí etí ọ̀sà, ó sì ti ri òpó igi mọ́lẹ̀ nínú omi kí ọkọ̀ má baà sún mọ́ ilẹ̀. Wọ́n padà wá ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá, ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Ẹ̀kọ́ kan wà níbí fún àwọn ọmọ wa tó fẹ́ràn ẹ̀rọ. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá bíi Penelope kò lè wọ inú ọ̀sà, iyanrìn ẹnu òkun Èkó kò jẹ́ kí wọ́n kọjá. Àwọn ọkọ̀ eléèéfín kéékèèké méjì, Bloodhound àti Teazer, ló lè wọlé, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ tó tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá ń tọrọ ọkọ̀, kì í ṣe títóbi nìkan ni kó máa wò. Kó wò ó bóyá omi tirẹ̀ lè gbà á.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, Teazer fàyà gúnlẹ̀ síwájú ìbọn Kòsọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló sì kú tàbí fara gbọgbẹ́ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì dáná sun ìlú. Ariwo ìbọn yẹn ni àwọn ará Èkó fi sọ ogun náà ní Ogun Agídìngbì. Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti bá omi lọ, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Akítóyè padà sínú Èkó tó ti jóná. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nínú ọkọ̀ Penelope: kò sí òwò ẹrú mọ́, kò sí fífi ènìyàn rúbọ mọ́, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún oníṣòwò àti míṣọ́nnárì.

Tí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ó dára. Àmọ́ ọkọ̀ lọ, kọ́ńsù kò lọ. Akítóyè wàjà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1853, kọ́ńsù sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ pàtàkì kan ní Èkó tí kọ́ńsù kò dá sí. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ogun mìíràn tí ń jẹ́ Prometheus dúró sínú ọ̀sà. Wọ́n gbé ìwé wá bá Dòsùnmú pé kó fi Èkó sílẹ̀ fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ̀, àwọn olóyè rẹ̀ náà kọ̀. Wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé ìbọn ọkọ̀ lè dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, ó fọwọ́ sí i. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣírò ohun tí wọn yóò máa fún un: àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dún.

Àsíá tí bàbá bẹ̀bẹ̀ fún, ọmọ ló bá a nílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni Gẹ̀ẹ́sì fi gba owó ọkọ̀ wọn. Àwọn Ẹ̀gbá tí inú wọn dùn ní 1851 náà tọ́ ọ wò: ní 1865, ọmọ ogun Èkó tí Glover rán ló fi rọ́kẹ́ẹ̀tì lé wọn kúrò lẹ́yìn odi Ìkòròdú.

NÍGBÀ TÓ KAN GẸ̀Ẹ́SÌ NÁÀ

Ọwọ́ tó ń fúnni ló máa ń wà lókè, ṣùgbọ́n ayé a máa yí. Ní 1940, ó kan Gẹ̀ẹ́sì láti na ọwọ́. Winston Churchill di olórí ìjọba ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún. Ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà, ó ti kọ̀wé sí Roosevelt, Ààrẹ Amẹ́ríkà, pé kó yá òun ní ogójì tàbí àádọ́ta ọkọ̀ ogun àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní destroyer, tó ń sáré lé ọkọ̀ abẹ́ omi kiri. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ri ọkọ̀ akẹ́rù wọn, oúnjẹ wọn sì ń bá omi lọ. Kí oṣù kẹfà tó parí, Faransé ti wó, Ítálì náà ti dara pọ̀ mọ́ Jámánì.

Roosevelt fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó kàn fa ọkọ̀ ogun fún ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Ó ní láti rí ohun tí yóò fi han ilé aṣòfin pé Amẹ́ríkà jèrè. Churchill ní tirẹ̀ kò fẹ́ kó dà bí ọjà rírà, ó fẹ́ kó dà bí ọ̀rẹ́ méjì tí ń fún ara wọn lẹ́bùn. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ńlá ṣe jọ tiwa ní ìdí ìdána! Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ni wọ́n fẹnu kò: àádọ́ta ọkọ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, fún Amẹ́ríkà, ilẹ̀ láti kọ́ ibùdó ogun sí fún ọdún 99. Ti Newfoundland àti Bermuda jẹ́ ẹ̀bùn, wọ́n ní. Ti Bahamas, Jamaica, Antigua, St Lucia, Trinidad àti Guiana ni pàṣípààrọ̀ ọkọ̀.

Ọkọ̀ wọ̀nyẹn ti gbó. Ìgbà ogun àgbáyé kìíní àti kété lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kàn wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àtúnṣe kó tó wúlò. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ra mọ́tò tòkunbọ̀ tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ ń gbé e lọ. Síbẹ̀ wọ́n ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Campbeltown, ni wọ́n kó àdó olóró kún inú rẹ̀ ní 1942, tí wọ́n fi kọlu èbúté St Nazaire ní Faransé tó wà lọ́wọ́ Jámánì, tí ibi àtúnṣe ọkọ̀ ńláńlá inú èbúté náà kò sì wúlò mọ́ títí ogun fi parí.

Ibo ni Kánò wà nínú èyí? Láti ìparí 1940, wọ́n ń kó bààlúù tí wọ́n tú sí wẹ́wẹ́ wá nínú ọkọ̀ ojú omi sí Takoradi ní ilẹ̀ Gánà òní. Wọ́n á tò ó pọ̀ níbẹ̀, á fò wá sí Èkó, á fò wá sí Kánò níbí, á gba Maiduguri kọjá lọ sí Khartoum títí dé Cairo. Àwọn àgbà tí wọ́n wà ní Sábó nígbà náà máa ń sọ fún wa nípa ariwo bààlúù ní pápákọ̀ òfurufú. Bí kò bá sí ọkọ̀ ogun tó ń ṣọ́ ọkọ̀ akẹ́rù lójú òkun, bààlúù kankan kò ní dé Takoradi, ẹ̀pà Kánò náà kò sì ní dé ibi tó ń lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀nà Churchill wé ọ̀nà Akítóyè. Churchill sọ iye ọkọ̀ tó fẹ́. Wọ́n dárúkọ ilẹ̀ tí wọn yóò gbà, wọ́n sì dá iye ọdún. Kò kọ ọ́ sí ìwé pé kí Amẹ́ríkà wá ta àsíá sí London. Ẹni tó mọ òwò ni. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí mi ò gbọ́ kí wọ́n máa bi Churchill tó bó ṣe yẹ. Ilẹ̀ ta ni ó fi sanwó? Ilẹ̀ Trinidad àti Jamaica ni, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ọ̀dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ní Trinidad, àwọn ará Chaguaramas kúrò lórí ilẹ̀ wọn kí ibùdó ogun lè rí ibi dúró. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹrin ọdún 1960, Eric Williams tó jẹ́ olórí wọn kó èrò lẹ́yìn, wọ́n rìn nínú òjò láti béèrè ilẹ̀ náà padà.

ỌDÚN 1967

Mo fẹ́ sọ èyí pẹ̀lú ẹ̀sọ̀. Ní Sábóńgàrí yìí, kò sẹ́ni tó dàgbà tó tí yóò gbàgbé 1966. Àwọn aládùúgbò wa tí a jọ ń gbé France Road, tí a jọ ń pọn omi, òmíràn nínú wọn kò rí ilé dé. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967 kì í ṣe ìtàn inú ìwé fún wa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan ni mo fẹ́ mú jáde nínú rẹ̀ lónìí.

Ọ̀gágun Gowon ti kéde pé kí ọkọ̀ má wọ èbúté ìlà oòrùn mọ́. Ta ni yóò wá dí òkun? Ọmọ ogun ojú omi wa, tí Ọ̀gágun Joseph Wey ń darí, kéré púpọ̀. Ọkọ̀ tó tóbi jù ni NNS Nigeria, tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Netherlands. Ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké, NNS Ibadan, ti bọ́ sọ́wọ́ Biafra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, Gowon kọ̀wé sí Gẹ̀ẹ́sì: ó fẹ́ bààlúù ogun, ó fẹ́ ọkọ̀ ogun ayára mẹ́fà, ó fẹ́ ìbọn àgbá 24 tí wọ́n fi ń yin bààlúù. Gẹ̀ẹ́sì fún un ní ìbọn. Wọ́n kọ bààlúù, wọ́n sì kọ ọkọ̀ nígbà yẹn. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ sọ pé òun kò ní ta ohun ìjà fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ìjọba àpapọ̀ yíjú sí Soviet Union, bààlúù MiG sì dé sí Kánò níbí ní oṣù kẹjọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí i pé ẹlòmíràn ti wọlé, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ní 1968 wọ́n fún wa ní ọkọ̀ kéékèèké méjì tí wọ́n ti lò rí, àwa sì sọ wọ́n ní Bonny àti Sapele.

Kí ìyẹn tó dé, ogun kò dúró. Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n sí ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje, ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi lọ sí Bonny. NNS Lokoja, ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀ létí omi, tí a ti rà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú òmìnira, gbé ọmọ ogun Benjamin Adékúnlé. Wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù oníṣòwò kún un. NNS Nigeria yìnbọn lu NNS Ibadan, ọkọ̀ tiwa tẹ́lẹ̀ rí, ó sì rì. Ní oṣù kẹwàá wọ́n gbé ọmọ ogun gba orí omi wọ Calabar.

Ojú méjì ni mo fi ń wo kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ fún wa yẹn. Ó jẹ́ kí a lo ohun tí a ní, kò sì sẹ́ni tó wá béèrè èbúté kan fún ọdún 99 lọ́wọ́ wa. Ojú kejì kò dùn ún wò. Òkun tí a dí yẹn ni oúnjẹ ìbá gbà kọjá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé tó wà lódì kejì, a sì mọ ohun tí ebi ṣe. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun tí kò dárúkọ ebi yẹn kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

OLÓGBÒ MẸ́TA

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó fúyẹ́ díẹ̀ kún un, mo rí i pé àwọn ọmọ ti ń tòògbé. Ní nǹkan bí ọdún 2003, Amẹ́ríkà fún ọmọ ogun ojú omi wa ní ọkọ̀ mẹ́rin tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun wọn ti lò. Kì í ṣe ọkọ̀ ajagun gidi, ọkọ̀ ìrànlọ́wọ́ ni. Iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ ni láti máa tún àmì ojú omi ṣe kí ọkọ̀ mìíràn má baà ṣìnà. Nígbà tí a fẹ́ sọ wọ́n lórúkọ, a sọ ọ̀kan ní Ológbò, a sọ ọ̀kan ní Kyanwa, a sọ ọ̀kan ní Nwamba. Ẹ̀yin ọmọ Sábó tó gbọ́ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, ẹ ti mọ̀ pé ẹranko kan náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ ńlá méjì tún wá láti ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà kan náà, NNS Thunder ní 2011 àti NNS Okpabana ní 2014. Òfin Amẹ́ríkà tẹ̀ lé wọn: a kò gbọ́dọ̀ tà wọ́n tàbí fà wọ́n fún orílẹ̀-èdè mìíràn láìgba àṣẹ. Ìyẹn kò burú lójú mi. Mo ti kà nípa ti Akítóyè, mo mọ àdéhùn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn olè ojú omi gba ọkọ̀ epo Maximus ní tòsí Abidjan. Okpabana wà lára àwọn tó tọpa rẹ̀ dé ojú omi São Tomé, àwọn ọmọ wa sì gun orí rẹ̀, wọ́n gbà á padà. Ọkọ̀ àtijọ́ tí a tọrọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ni, àmọ́ ọmọ Nàìjíríà ló wà nídìí ọkọ̀ náà.

Alága, mo rí i pé ẹ ti ń wo aago.  Ẹni tó bá ní ìbéèrè, mo wà níbí títí wọn yóò fi gbé oúnjẹ wá.